Ọmọ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ilé-ìwé ìjọba wo ló kàn?

Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà pé kí ọmọ lo ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 ní girama kékeré, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n girama wo ni òbí yóò yàn?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ládùúgbò, tí ọmọ ń tilé lọ. Èkejì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀, bíi King's College (1909) àti Queen's College (1927) ní Èkó. Àjọ NECO ló ń ṣe ìdánwò àtiwọlé síbẹ̀. Máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ ìpínlẹ̀ kan sì lè ga ju ti òmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé inú ọgbà, owó ibùgbé àti oúnjẹ sì wà lọ́rùn òbí.

Orúkọ ńlá nìkan kò tó í wò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí àìsàn ń ṣe lóòrèkóòrè lè má rí ìtọ́jú tó péye lọ́nà jíjìn. Èyí tó ń tilé lọ náà sì nílò òbí tí yóò máa yẹ ìwé rẹ̀ wò lálẹ́. Kí òbí tó kọ fọ́ọ̀mù, kí ó ṣèbẹ̀wò, kí ó wo iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, kí ó sì bèèrè bóyá olùkọ́ ìṣirò wà. Ibi yòówù kí ọmọ lọ, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.