Abọ́ Ata Lẹ́nu Ẹ̀rọ, Aláìsàn Lẹ́nu Ọ̀nà Dókítà

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester á ti gbọ́ ọ lórí fóònù rí: "Màámi, mo ṣì ń retí GP mi." Ẹnu á sì yà yín. Ìlú Ọba tí dókítà kún, kí ló dé tí ara ọmọ ò yá, tó tún ń tò? Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn ìdí ẹ̀rọ ata.

Alọta kan ló ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò. Irú ẹ̀ ni GP, dókítà ìdílé tí tilé-toko forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Orí fífọ́ ni o, ẹ̀jẹ̀ ríru ni o, àìróorunsùn ni o, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, wọn kì í dédé yọjú sí dókítà ọkàn tàbí ti egungun. Ìwé GP ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948 tí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀, aláìsàn kì í sanwó kó tó rí GP.

Abọ́ la fi ń tò nídìí ẹ̀rọ ata; orí fóònù ni abọ́ tiwọn ti ń tò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, tí agogo 8 àárọ̀ bá ti lù, gbogbo èèyàn á pè lẹ́ẹ̀kan náà. Ní England lọ́dún 2024, bí a bá pín orúkọ tó wà nílẹ̀ fún àwọn GP tó ti gboyè tán, tí a ka iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́ òòjọ́ kíkún, ó lé ní 2,200 orúkọ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn abọ́ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n irú dókítà bẹ́ẹ̀ tó wà ní 2024 kò tó ti 2015. Wọn kò sì lè sáré rí òmíràn: ó kéré tán, ọdún 10 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Abọ́ ò dọ́gba. Ẹnìkan gbé ata ọbẹ̀ ìkòkò kan wá, ẹnìkejì gbé bàsíà ata ìnáwó. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 náà ló kan oníkálukú lọ́dọ̀ GP. Nínú rẹ̀ ni kíkí, bíbéèrè, yíyẹ ara wò àti kíkọ sílẹ̀ wà. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn kan máa ń to tòmátì sókè, kí wọ́n fi ẹ̀wà àkàrà pamọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ ló gbé òun wá á di ilẹ̀kùn mú tán, kó tó wá sọ pé, "Dókítà, kókó kan wà lọ́mú mi." Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí alọta ò bá sì fọ ẹ̀rọ lẹ́yìn rodo kó tó da ẹ̀wà sí i, àkàrà á ta ọmọdé lẹ́nu. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ náà gbọ́dọ̀ fọ ọkàn rẹ̀ kí ìkókó tó kàn tó wọlé. Ta ló yọ ìṣẹ́jú ìyẹn sílẹ̀ fún un? Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀, BMA, ní kó má ju aláìsàn 25 lọ lóòjọ́, kí ewu má baà wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọjá ibẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn bá tì, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà láti ilé ìwòsàn ńlá àti oògùn tó yẹ kó fọwọ́ sí ṣì ń retí rẹ̀. Bí alọta ṣe ń ra epo dísù fúnra rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ GP ṣe ń sanwó iná àti ti nọ́ọ̀sì, nítorí àwọn dókítà ló ni ilé ìtọ́jú náà, wọ́n kàn ń ṣe àdéhùn pẹ̀lú NHS ni. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ rèé: alọta ń gbowó abọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n iye orúkọ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò èyí tó pọ̀ jù nínú owó GP. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún àti ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mẹẹ̀dógún, owó ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ohun tí kánjúkánjú ìdí iṣẹ́ GP yìí ń jẹ run ju ìṣẹ́jú lọ. Alọta tó ti pẹ́ ládùúgbò mọ ilé tí wọn kì í jẹ ata púpọ̀, ẹ ò tíì lanu tó ti mọ bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Irú ìmọ̀ yẹn ń gba ẹ̀mí là. Ní Norway, ìwádìí kan tó jáde ní 2021 fi hàn pé àwọn tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ GP kan náà ju ọdún 15 lọ, ìṣeéṣe kí wọ́n kú fi bí ìdá 25 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún kan. Bí iṣẹ́ bá wá wọ dókítà lọ́rùn tó fi lọ, aláìsàn á tún máa ti ìbẹ̀rẹ̀ rojọ́ fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ yín: bí ọ̀fun lásán ló ń dùn wọ́n ní England, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ apòògùn, nítorí láti oṣù Kìíní 2024 ni wọ́n ti fún un láṣẹ láti tọ́jú irú ẹ̀. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni kí wọ́n fi dúró de dókítà tó mọ̀ wọ́n, kódà bó gba ọjọ́ mélòó kan. Bí wọ́n bá sì jókòó tán, kí wọ́n má fi ikọ́ ṣáájú. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ.