Ààyè Tí A Kò Kọ́lé Sí: Àlàyé Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Ètò Ìlú Tó Kan Onílé

Ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ wa ni kì í gbọ́ nípa ètò ìlú títí di ọjọ́ tí wọ́n bá bá àmì ọ̀dà pupa lára ògiri ilé wọn. Ìgbà náà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ setback, right of way àti léáòtù lẹ́nu òṣìṣẹ́ ìjọba, nígbà tí owó sìmẹ́ǹtì àti ti irin ti wọlẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé wọn níhìn-ín, kí ẹni tí ń gbèrò láti ra ilẹ̀ lè mọ̀ wọ́n kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ètò ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ nìkan. Ààyè tí a kò kọ́lé sí gan-an ni ó gba ìrònú jù nínú rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá àtijọ́, ààfin ni ó wà láàárín. Ojúde gbalasa ń bẹ níwájú rẹ̀, ọjà ọba ń bẹ nítòsí, àwọn ọ̀nà ńlá sì ń ti ibẹ̀ lọ sí àwọn ẹnubodè odi ìlú. Agbo ilé pẹ̀lú ní àgbàlá tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ń pe ojúde ọba ní ilẹ̀ tí ń ṣòfò.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ogún náà kò dé ibi gbogbo. Ìbàdàn tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó ní 1829 yára kún. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Fòkò, ilé fara ti ilé, ẹsẹ̀ nìkan ni a sì fi ń dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, orí títì ni ọkọ̀ panápaná yóò dúró sí. Ẹ fi èyí wé Bódìjà Àtijọ́, tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1950. Níbẹ̀, a ti la ọ̀nà sínú àwòrán, a sì ti pín púlọ́ọ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó mọ ògiri. Irú àwòrán yìí ni léáòtù: ọ̀nà, ilé ìwé, ọjà àti pápá ní ààyè tiwọn nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí a kàn gún èèkàn sí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun kì í ṣe léáòtù, ohun yòówù kí ẹni tí ń tà á pè é.

Right of way ni gbogbo ìbú ilẹ̀ tó jẹ́ ti òpópónà, kì í ṣe ibi tí ọ̀dà dé nìkan. Gọ́tà, páìpù omi àti òpó iná wà nínú rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, mítà 45.72 ni láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ láti etí ọ̀dà ti ṣì í.

Níbi tí ilẹ̀ òpópónà bá parí sí ni setback ti bẹ̀rẹ̀. Inú púlọ́ọ̀tì tirẹ ni èyí wà: ààyè tí o ní láti fi sílẹ̀ níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn ilé. O lè gbin òdòdó sí i, o lè gbé ọkọ̀ sí i. Ilé ni o kò gbọdọ̀ kọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọ yàrá rẹ àti ti aládùúgbò rẹ.

Setback ti odò ni ó ti gba ẹ̀mí jù láàárín wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa ya wọ àárín Ìbàdàn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò alẹ́ kan ṣoṣo tún pa ènìyàn tó lé ní 100, ó sì wó afárá Apẹ̀tẹ̀. Odò tí a lè fò kọjá ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ nílò bèbè tó fẹ̀ nígbà òjò. Bí ilé, ọgbà àti pàǹtírí bá ti gba bèbè náà, inú yàrá ni omi yóò wá ààyè tirẹ̀ sí.

Ìwọ̀n ààyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ yàtọ̀ láti odò dé odò àti láti ọ̀nà dé ọ̀nà. Kí ẹ tó san owó ilẹ̀, ẹ mú àwòrán tí sáfẹ́yọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ yà lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ béèrè bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ààyè òpópónà, odò tàbí wáyà iná alágbára, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ni ó kàn lẹ́yìn èyí, kí birikilà tó dé.