Igbó Ọ̀ṣun bọ́ lọ́wọ́ àáké, ó ku odò

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn. Ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan níbẹ̀ láti fi dán ọ̀gbìn wò. Wọ́n gé igi tó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n gbin tíìkì sí ipò wọn. Ọdẹ ń wọlé, apẹja ń da àwọ̀n sínú odò tí èèwọ̀ ti dáàbò bo ẹja inú rẹ̀ tipẹ́. Àwọn olè ń jí ère kó tà fún àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́. Àwọn àwòrò ń dín kù, ojúbọ ń wó.

Lónìí, gbogbo hẹ́kítà 75 igbó yìí ló wà lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun ìní gbogbo àgbáyé láti 2005. Ojúbọ, ère àti iṣẹ́ ọnà wà káàkiri inú rẹ̀. Ewéko tó wà níbẹ̀ lé ní 400 ẹ̀yà, èyí tó lé ní 200 nínú wọn sì ni àwọn oníṣègùn ń lò.

Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló ṣíwájú iṣẹ́ tí wọ́n fi gba igbó náà là. Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ ìlú ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún: Adébísí Àkànjí, bíríkìlà tó di ọ̀gá nínú fífi símẹ́ǹtì mọ ère, Kàsálí Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta. Wọ́n mọ odi, wọ́n ṣe ẹnubodè, wọ́n gbé ère ńláńlá dìde síbi tí àwọn tó ń ta ilẹ̀ ti ń wò. Ibi tí ère òrìṣà bá dúró sí, ta ni yóò wá to búlọ́ọ̀kù síbẹ̀? Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ó di 1992 kí òfin tó bo gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń ṣọ́ ọ kí òfin tó dé. Wenger kú ní Òṣogbo ní oṣù Kìíní 2009.

Ṣùgbọ́n odi kì í dá omi dúró. Àwọn tó ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà, ní òkè odò, ti sọ omi Ọ̀ṣun di aláwọ̀ tíì oní mílíìkì. Wọn á gbẹ́ kòtò títí wọn á fi kan ìpele òkúta wẹ́wẹ́ tí wúrà wà nínú rẹ̀. Wọn á fi pọ́ǹpù fa omi, wọn á ṣan òkúta náà lórí pákó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Wúrà á há sínú kápẹ́ẹ̀tì, ẹrẹ̀ á ṣàn lọ sínú odò. Mákúrì ni àwọn mìíràn fi ń kó èyí tó kúnná jọ, májèlé sì ni. Ní 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ilé iṣẹ́ ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà, omi tí àwọn èèyàn ń torí ọmọ àti àlàáfíà bù mu.

Ilẹ̀ tí a ti gbẹ́ ṣì ṣeé gbà padà. Ní Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ilẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú kan tí wọ́n ń sá gbẹ fi dáná. Omi kún àwọn kòtò náà, wọ́n di adágún. Nígbà tó yá, gbogbo èèyàn rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn, àfi ìgbà tí Joyce Lambert, onímọ̀ ewéko, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn láàárín àwọn ọdún 1950 pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ló ń ṣọ́ wọn báyìí, ẹyẹ àti ẹja sì ń gbé ibẹ̀.

Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 náà ní kí ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ tún un ṣe. Àmọ́ kòtò tó la ẹnu sílẹ̀ pọ̀ ní àyíká Iléṣà. Àjọ tó ń ṣọ́ igbó Ọ̀ṣun wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba kan, àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà wà lábẹ́ òmíràn. Kò yẹ kí ìwé àṣẹ kankan jáde fún òkè odò mọ́ láìjẹ́ pé àwọn olùṣọ́ igbó Òṣogbo gbọ́ sí i, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.