Ẹ Yẹ Ọ́ìlì Jíà Wò Kí Ẹ Tó Gba Ọ̀nà Ládìpọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí jíà ọkọ̀ ti ń da àwọn ènìyàn láàmú ní Èkó, kí ó lọ dúró ní ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Jíà tòkunbọ̀ ni yóò rí nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ, tí ọ́ìlì dúdú ń kán lára wọn. Yóò sì rí oníṣòwò, akọ̀wé àti olùkọ́ bí èmi àti ẹ̀yin, tí mẹkáníìkì ń lọ níwájú, tí àwọn fúnra wọn ń tẹ̀lé e bí àgùntàn.

Èmi náà ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọkọ̀ tí mo fi ń lọ sí ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège: bí mo bá ki í sí jíà, ẹ́ńjìnnì a máa ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní lọ. Mẹkáníìkì mi kò yẹ ohunkóhun wò. Ó ní, "Tíṣà, jíà yín ti kú." Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ni mo kó lọ sí ọjà. A ra òmíràn, a dè é mọ́ ọkọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ó lò. Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ lọ bá àgbà mẹkáníìkì kan, ó fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní ọ́ìlì tí wọ́n rọ sí i kì í ṣe irú èyí tí jíà náà ń mu. Ó wá bi mí pé, "Ti àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé ẹ yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò?" Mo ti tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. N kò lè fèsì.

Nínú jíà ọtòmátíìkì, ọ́ìlì kì í ṣe ohun ìpara lásán. Agbára rẹ̀ ni ó ń ti jíà láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Òun ni ó ń mú kí ó tutù, òun ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Bí ó bá dín jù, jíà a máa yọ̀. Bí ó bá jóná, a dúdú, a sì máa rùn. Bí omi àgbàrá bá wọ inú rẹ̀, a dà bí ògì tí a po epo pupa mọ́. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó pẹ̀lú a máa mú un gbóná jù. Irú jíà kan tún wà tí à ń pè ní CVT: bẹ́líìtì irin ni ó ń yí láàárín kẹ̀kẹ́ irin méjì. Ọ́ìlì tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá rọ ti òmíràn sí i ń pa á ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ni jíà ń fìyà jẹ. Ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ ní Australia ní kí Ford san mílíọ̀nù 10 dọ́là ilẹ̀ náà, nítorí bí ó ti ṣe sí àwọn oníbàárà tí wọ́n fi ẹjọ́ jíà PowerShift sùn. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé bí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ni ó fà á. Bí ẹni tí ó ra ọkọ̀ tuntun bá lè rí èyí, kí ni kí àwa onítòkunbọ̀ ṣe?

Ẹ̀yin olùkà mi, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n sọ jíà kalẹ̀, ẹ yẹ ọ́ìlì wò bí ìwé ọkọ̀ yín bá ti là á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà bá yín ka àìsàn rẹ̀, nítorí wáyà kan péré lè mú kí jíà kọ iṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń dún kò-kò-kò nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà, ó lè jẹ́ ṣáàfù ni, kì í ṣe jíà. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ dé Ládìpọ̀, ẹ mú nọ́ńbà jíà yín dání, ẹ gba ìwé ọjà tí wọ́n kọ ọjọ́ ìdápadà sí, kí ẹ má sì ta ti àtijọ́ títí tuntun yóò fi jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Owó ilé-ìwé ọmọ kì í ṣe owó jíà.