Kí ni àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ ṣe ní ìpàdé?

Ní ọjọ́ àbẹ̀wò tó kọjá, ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó wá wò mí. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí níbí ní Jos, ní àwọn ní ìpàdé. Inú bí mi gan-an. Mo rò pé ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí àti àjọ dídá ni. Ìgbà tí mo délé ni wọ́n tó là mí lóye.

Oríṣi ìpàdé méjì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe. Ọ̀kan ni ti NANNM, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1978. Ó ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ àti ní àwọn ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó oṣù àti ìyà tó ń jẹ wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Níbẹ̀ náà ni ọmọdé nọ́ọ̀sì ti ń mọ àwọn àgbà.

Èkejì ni ti ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń pè ní MCPDP. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì ń tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbà, ó sì gbọ́dọ̀ ti lọ fún ẹ̀kọ́ yìí kí ó tó rí i gbà.

Mo bi wọ́n pé, "Mọ́mì, ṣebí ẹ ti yege tipẹ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí obìnrin bá bímọ tán, tí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ bá tó ike omi 50cl kan, ewu ti ń bọ̀ nìyẹn. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ojú sì máa ń tan èèyàn jẹ, torí aṣọ ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Ní 2023, ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa jáde. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìyá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ jù, wọ́n á ra ikùn rẹ̀, wọ́n á fún un ní oògùn, wọ́n á fa omi sí i lára, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ewu ẹ̀jẹ̀ tó le gan-an dín kù ní ìdá 60 nínú 100.

Màmá mi ti jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 2004. Ìpàdé Sátidé yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀rá náà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ lè rí mi lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń rọbí lóru kò lè dúró di oṣù tó ń bọ̀."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn nọ́ọ̀sì náà sì ń bi ara wọn ni. Mo ti bẹ màmá mi. Àmọ́ tí ẹ bá rí wọn, ẹ bá mi sọ fún wọn pé gàrí mi ti tán o.