Ìpilẹ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ náà Camelopard nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Camelopard ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àgùnfọn kí giraffe, tí ó ṣẹ̀ wá láti èdè Lárúbáwá, tó gba ipò rẹ̀. Èdè Gíríìkì ni orísun rẹ̀, Látìn sì ni ó gbà kọjá: ràkúnmí ni kamelos, ẹkùn ni pardalis. Àfiwé ìrísí ràkúnmí àti awọ alámì ti ẹkùn ni èyí. Kì í ṣe pé àwọn méjèèjì ni ó bí àgùnfọn, bí àwọn kan ti gbà gbọ́ rí. Cameleopard tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn kọ kò tọ̀nà: pard ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe leopard. Ní 1758, Linnaeus sọ ẹranko náà ní Cervus camelopardalis, àfi bí ẹni pé àgbọ̀nrín ni! Giraffa ti rọ́pò Cervus. Camelopardalis kò yí padà.