Ẹni Tó Ń Bá Wa Gbé Ọmọ

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Ìtàn inú ìwé kan tí ọmọ mi obìnrin ń kà fún mi lálaalẹ́ ló rán mi létí ọ̀rọ̀ yìí.

Such a Fun Age ni orúkọ ìwé náà. Kiley Reid, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, ó jáde ní 2019. Ìlú Philadelphia ni ìtàn náà wà. Emira, ọmọ ọdún 25, dúdú bíi tiwa, ń bá Alix, obìnrin òyìnbó olówó, tọ́ ọmọ rẹ̀ kékeré, Briar.

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n ju ẹyin lu fèrèsé ilé Alix. Ó pe Emira kúrò níbi fàájì ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wá gbé ọmọ jáde. Nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá tó gbé e lọ, ọlọ́dẹ dá wọn dúró bí ẹni pé ó jí ọmọ òyìnbó gbé. Ìgbà tí bàbá ọmọ dé ló tó bọ́. Ẹnìkan sì ti ká a sínú fídíò.

Látìgbà náà ni Alix ti ń wá bí òun ṣe máa di ọ̀rẹ́ Emira. Ó ń fi wáìnì lọ̀ ọ́, ó ń yọjú wo fóònù rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó jẹ́ kí fídíò náà jáde láìsọ fún un, ó tún ka èyí sí oore. Àmọ́ iṣẹ́ gidi tó ní ìnṣọ́ránsì tí ń sanwó ọsibítù ni Emira ń wá. Òfin ibẹ̀ fi í sábẹ́ ti òbí rẹ̀ títí di ọdún 26 péré. Ẹ gbọ́ o, wáìnì kì í sanwó ọsibítù.

Ìfẹ́ Briar nìkan ló dá a dúró. Ìyá gbájú mọ́ ọmọ ọwọ́, Emira ló ń gbọ́ gbogbo ìbéèrè Briar. Nígbà tó wá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ yẹn gan-an ló dùn ún.

Èmi náà jẹ̀bi. Mo máa ń sọ pé bí ọmọ mi ni mo ṣe mú ọmọ tó ń gbé àbíkẹ́yìn mi pọ̀n ní ìsọ̀, síbẹ̀ owó oṣù rẹ̀ ń falẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo lé e lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ mi fi ń wá a káàkiri ìsọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, bí a bá fẹ́ràn wọn, ká san owó wọn lásìkò, ká bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fẹ́. Bí wọ́n bá sì máa lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ dágbére. Ajé á jẹ́ tiwa o.